Àìsàn Là Á Wò: Ìtàn Ojú Búlúù Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Bí a bá yẹ òwe yìí wò dáadáa, a ó rí i pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kọjá pé kí á tètè gbé ẹni tí ara rẹ̀ kò dá lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ó ń kọ́ wa pẹ̀lú pé orúkọ tí a bá sọ ohun tí ó ń ṣe ènìyàn ni yóò pinnu ohun tí a ó ṣe sí i. Bí a bá pè é ní àìsàn, egbòogi ni a ó wá. Bí a bá pè é ní ikú, pósí ni a ó lọ kàn. Ohun tí ó mú mi ronú kan òwe yìí láìpẹ́ yìí kì í ṣe ara ènìyàn rárá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni, èyí tí mo ti ń lò fún ọdún mẹ́sàn-án, tí ó sì ti jẹ́ tòkunbọ̀ kí n tó rà á.

Ní àkókò ọyẹ́ ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó, mò ń da ẹkún ìyàwó kọ láti inú ohùn tí mo ti gbà sílẹ̀, nígbà tí gbogbo ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ náà pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ búlúù bò ó láti òkè dé ilẹ̀. Àmì ojú kan tí ó rẹ̀wẹ̀sì yọ, gbólóhùn kan tẹ̀ lé e tí ó ní ẹ̀rọ náà ti bá ìṣòro pàdé, ọ̀rọ̀ kan tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Kí n tó rí gègé tí n ó fi kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ náà ti kú, ó sì ti tún ara rẹ̀ jí. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi ju iye ìgbà tí ó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Ó mi orí, ó ní Windows inú rẹ̀ ti kú, pé kí n jẹ́ kí òun nu gbogbo inú rẹ̀, kí òun sì fi òmíràn sí i. Mo gbà. Mo kàn tọrọ ààyè ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ náà, mo di ohùn mọ́kànlá tí mo gbà lẹ́nu ìyá àgbà kan ní Òkè-Ògùn pọ̀ sínú fáìlì zip kan ṣoṣo, bí ẹni di ẹrù sínú àpò, mo sì fi flash gbé e jáde. Ìyá náà ti re ìwàlẹ̀ àsà ní ọdún méjì ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni a nu inú ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní. Ní ọjọ́ kẹrin, ojú búlúù tún dé. A ti fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí ojú búlúù yìí jẹ́ gan-an, ẹni tí ó dá a sílẹ̀, àti ìdí tí ó fi dá a. Àwọn tí ó ń lo kọ̀ǹpútà jákèjádò ayé ti sọ ọ́ ní orúkọ kan tí ikú wà nínú rẹ̀, orúkọ náà sì ti mọ́ wọn lẹ́nu. Èrò mi ni pé orúkọ náà kò bá a mu, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn, èmi náà pẹ̀lú wọn, ṣe ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni yóò jẹ́rìí sí i.

Kí kọ̀ǹpútà tó dáyé ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà ti ń pe àbùkù inú ẹ̀rọ ní kòkòrò. Thomas Edison lo ọ̀rọ̀ náà nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1878. Àmọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, ọ̀rọ̀ àfiwé yìí di òótọ́. Àwọn tí ó ń mójú tó kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Mark II, tí Yunifásítì Harvard kọ́, rí i pé ẹ̀rọ náà ń ṣe ségesège. Wọ́n tú inú rẹ̀ wò, wọ́n sì bá àfòpiná kan tí ó há sáàrin ọ̀kan nínú àwọn irin kéékèèké tí í máa ń sí, tí í máa ń tì, bí iná mànàmáná bá ń gba inú wọn kọjá. Yorùbá ní àfòpiná tí ó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ti Harvard yìí kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ó dá iṣẹ́ odindi ẹ̀rọ tí ó tóbi bí yàrá dúró.

Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Wọn kò kàn yọ kòkòrò náà sọnù. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé tí wọ́n fi ń ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́, wọ́n kọ aago tí wọ́n rí i, wọ́n kọ nọ́ńbà irin tí wọ́n ti bá a, wọ́n sì fi àwàdà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn yóò rí kòkòrò gidi. Grace Hopper, obìnrin onímọ̀ ìṣirò tí ó wà lára àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ni ó sọ ìtàn náà káàkiri títí tí ayé fi gbọ́. Ìwé náà wà títí di òní ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìtàn Amẹ́ríkà ní Washington, pẹ̀lú àfòpiná náà nínú rẹ̀. Wọ́n rí àìsàn, wọ́n wá ohun tí ó fà á, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà ìṣègùn tí ó pé nìyẹn.

Bí kọ̀ǹpútà ti ń gbòòrò sí i, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì kúrò ní ohun tí a lè fi ojú rí nínú irin, ìbéèrè kan dìde tí àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lé lórí. Bí ẹ̀rọ bá rí i pé nǹkan ti dàrú nínú òun, kí ni kí ó ṣe? Ṣé kí ó gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe, kí iṣẹ́ sì máa lọ, ni, àbí kí ó dúró? Ní àárín àwọn ọdún 1960, àwọn kan ń kọ ètò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Multics. Nígbà tí ó ṣe, ilé-iṣẹ́ Bell Labs fà sẹ́yìn nínú iṣẹ́ náà, àwọn méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, Ken Thompson àti Dennis Ritchie, sì bẹ̀rẹ̀ ètò kékeré tiwọn ní ọdún 1969, èyí tí ó di Unix. Tom Van Vleck, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ Multics, ròyìn pé òun sọ fún Ritchie lọ́jọ́ kan pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí àwọn ń kọ tí ó jẹ́ pé ọ̀nà àtitún àṣìṣe ṣe ni. Ritchie dá a lóhùn pé àwọn kò kọ irú ìyẹn rárá. Bí àṣìṣe ńlá bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ àwọn yóò kàn ta gìrì, yóò sì dúró. Ẹni tí ó wà nítòsí yóò wá ké sí àwọn yòókù pé kí wọ́n tún un tàn.

Ó lè dà bí ìwà ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi alájọ ṣe àpèjúwe. Bí alájọ bá ń kọ owó àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé, tí ó wá ṣàkíyèsí lójijì pé owó Àdùkẹ́ wà ní ojú ewé Àlàbí, tí òun kò sì mọ ìgbà tí ìdàrúdàpọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kí ni kí ó ṣe? Bí ó bá ń bá a lọ láti máa kọ, gbogbo ohun tí ó bá kọ lé e yóò máa ba èyí tí ó tọ́ jẹ́. Alájọ tí ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run yóò pa ìwé dé. Yóò ní, “Ẹ má bínú, n kò gba owó lónìí.” Àwọn oníbàárà yóò kùn, ṣùgbọ́n owó wọn kò ní í sọnù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà. Èyí tí ó dúró nígbà tí ìrántí rẹ̀ dàrú ń dáàbò bo ohun tí ó wà nípamọ́. Èyí tí ó bá ń bá iṣẹ́ lọ ni ó yẹ kí á bẹ̀rù.

Bí ẹ̀rọ yóò bá dúró, ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Lórí kókó yìí, oníkálukú dá ọgbọ́n tirẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé kọ̀ǹpútà Macintosh jáde ní ọdún 1984, àwòrán bọ́ǹbù kékeré kan ni ó máa ń yọ bí nǹkan bá bàjẹ́. Susan Kare ni ó yà á. Kọ̀ǹpútà Amiga tí ó jáde ní ọdún 1985 a máa fi lẹ́tà pupa lórí ilẹ̀ dúdú sọ fún ènìyàn pé àkókò àṣàrò ti tó, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ẹ̀mí ní ilẹ̀ Íńdíà ti í ṣe. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n ènìyàn tí iṣẹ́ rẹ̀ sọnù kì í sábà rẹ́rìn-ín.

Ní ti Windows, ènìyàn mẹ́ta ni ọwọ́ wọn wà nínú ojú búlúù, àwọn ènìyàn sì ti máa ń da ìtàn wọn pọ̀. Ní ọdún 1992, nígbà tí Windows 3.1 jáde, bí ètò kan bá gan tí kò dáhùn mọ́, ènìyàn lè tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀, ojú búlúù kan yóò sì yọ láti béèrè bóyá kí ó ṣe sùúrù tàbí kí ó pa ètò náà. Steve Ballmer, tí ó di olórí ilé-iṣẹ́ Microsoft ní ọdún 2000, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ojú náà. Raymond Chen, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan, ni ó sọ ọ́ pé Ballmer ka ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kọ, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọ́n ní kí òun náà kọ èyí tí ó sàn jù, ó sì kọ ọ́ wá. Chen fúnra rẹ̀ ni ó parí ti Windows 95. Méjèèjì yìí kì í ṣe ojú ikú. Ènìyàn lè tẹ bọ́tìnnì kan kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlọsíwájú náà kì í sábà jìnnà.

Ẹni kẹta ni John Vert, òun gan-an sì ni ó ni ojú búlúù tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ni ó kọ ti Windows NT, èyí tí ó jáde ní ọdún 1993, tí gbogbo Windows òde òní sì ti ṣẹ̀ wá. Níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́tà funfun lórí ilẹ̀ búlúù ni ẹ̀rọ tí ó ń lò fi ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá tàn án. Àwọ̀ kan náà ni ètò tí ó fi ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ ní. Ó wá rò ó pé kò burú bí ojú ìdúró náà bá bá wọn mu. Ẹ wo bí ohun tí ayé sọ di àmì ikú ti ṣe wáyé: kò sí awo nínú rẹ̀, àwọ̀ tí ó wà níwájú òṣìṣẹ́ kan lójoojúmọ́ ni.

Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ti Vert ni pé kò sí pé à ń tẹ bọ́tìnnì kí iṣẹ́ máa lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí. Inú kọ̀ǹpútà dà bí ààfin. Àgbàlá wà níta níbi tí gbogbo ènìyàn lè dé, iyẹ̀wù sì wà nínú lọ́hùn-ún tí àwọn díẹ̀ nìkan lè wọ̀. Ètò tí a fi ń kọ ìwé, èyí tí a fi ń gbọ́ orin, àti irú wọn, àgbàlá ni wọ́n wà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣìwà hù, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò mú un jáde, ìlú kò sì ní í mọ̀. Ṣùgbọ́n bí èèwọ̀ bá ṣẹlẹ̀ nínú iyẹ̀wù, kò sí ẹni tí ó tún wà lókè tí yóò dá sí i. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé. Ojú búlúù ni ìkéde náà. Àwọn tí ó sì ní àǹfààní láti wọ iyẹ̀wù ju Windows fúnra rẹ̀ lọ kò pọ̀: pàtàkì wọn ni àwọn ètò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní driver, tí í máa ń ṣe ògbufọ̀ láàrin kọ̀ǹpútà àti àwọn ohun èlò bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ohun èlò ni ó sábà ń kọ driver rẹ̀, Microsoft kọ́. Nígbà tí Windows XP jáde ní ọdún 2001, tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìròyìn ìdúró rẹ̀ ránṣẹ́ sí Microsoft bí oní-ǹkan bá gbà, ó hàn pé ọ̀dọ̀ àwọn ògbufọ̀ wọ̀nyí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjàǹbá náà ti ń wá.

Ìlú Chicago ni ojú búlúù ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1998, Bill Gates dúró lórí pèpéle níwájú ogunlọ́gọ̀ níbi ìpàtẹ kan tí wọ́n ń pè ní COMDEX, láti ṣe àfihàn Windows 98 tí kò tí ì dé ọjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Chris Capossela ń ràn án lọ́wọ́. Ó so ẹ̀rọ tí a fi ń ya àwòrán ìwé mọ́ kọ̀ǹpútà láti fi hàn bí Windows yóò ti dá a mọ̀ wéré. Ojú búlúù ni ó jáde. Ẹ̀rín sọ, àtẹ́wọ́ bẹ́. Gates fi àwàdà dá wọn lóhùn pé ó ní láti jẹ́ pé ìdí nìyẹn tí àwọn kò fi tíì máa tà á. Capossela kò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ó dàgbà di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, ẹnu ayé kò kúrò lára ojú búlúù mọ́, ẹ̀rín sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í rín. Ohun tí a bá ń fi rẹ́rìn-ín, ó ṣòro kí á tún máa fetí sí ohun tí ó ń sọ.

Nígbà tí Windows 8 jáde ní ọdún 2012, wọ́n dín ọ̀rọ̀ ojú náà kù, wọ́n sì fi àmì ojú tí ó rẹ̀wẹ̀sì sí i kí ó lè fa ojú ènìyàn mọ́ra. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ lórí ìyípadà yìí. Ti àtijọ́ kún fún nọ́ńbà tí ó ń dẹ́rù ba ni, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni ó ń rò. Ti tuntun ń bá wa kẹ́dùn, gbólóhùn kan ṣoṣo péré sì ni ó kù tí ó wúlò nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n tún kọ ní lẹ́tà tí ó kéré jù lọ.

Àrùn tí ó ń ṣe ogójì ní ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún; ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Òwe yìí ṣẹ ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ CrowdStrike ní Amẹ́ríkà, tí ó ń ta ètò ìdáàbòbò fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, fi fáìlì tuntun kan ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà oníbàárà rẹ̀. Inú iyẹ̀wù tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ètò náà ti ń ṣiṣẹ́. Ohun 20 ni ètò náà kó sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Fáìlì tuntun náà wá ní kí ó yẹ ìkọkànlélógún wò. Ìkọkànlélógún kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ na ọwọ́ sí ibi tí kò sí nǹkan, ó sì dúró. Ìṣẹ́jú 78 péré ni ó gbà wọ́n láti fa fáìlì náà padà, ṣùgbọ́n Microsoft fojú bù ú pé kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 8.5 ni ó ti kó o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ òfuurufú ni kò gbéra, ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ síwájú, ojú búlúù sì tò lọ rẹrẹ lára ògiri pápákọ̀ òfuurufú.

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ti wò ó sàn. Àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i kò sọ pé kí oníkálukú nu inú ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ, orúkọ ètò tí ó ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé orí fáìlì kan ṣoṣo. Wọ́n wá ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ ní ọ̀nà tí kò fi ní í jí gbogbo àwọn ará iyẹ̀wù, kí wọ́n pa fáìlì náà rẹ́, kí wọ́n sì tún un tàn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀ ẹ̀rọ tí ayé ní ó ti kú, kò sí èyí tí ó kú nínú wọn. Wọ́n kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni, wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sí ẹ̀rọ tèmi. Lẹ́yìn tí ojú búlúù padà dé, mo fi ọ̀ràn náà lọ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tí ó ti di oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bi mí ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni ó kọ sójú kí ó tó kú?” Ojú tì mí. Èmi tí mo ti lo ọgbọ̀n ọdún láti máa sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe gba ohùn ẹnu arúgbó láìkọ ọjọ́, ibi àti orúkọ sílẹ̀, n kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ó ní kí n wá ìwé àjákọ kan, kí n máa kọ ọjọ́, aago, iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́wọ́, àti ọ̀rọ̀ tí ó bá wà nísàlẹ̀ ojú búlúù. Ó sì fi hàn mí pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń kọ tirẹ̀: nínú àpò kan tí wọ́n ń pè ní Minidump, ẹ̀rí ìdúró kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Àwọn ti ìgbà àkọ́kọ́ ni kò sí mọ́. A ti nù wọ́n dànù pẹ̀lú Windows àtijọ́.

Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, mo kọ ìdúró márùn-ún sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì kò jọra nínú mẹ́rin àkọ́kọ́: MEMORY_MANAGEMENT lónìí, PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA lọ́la, IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL ní ọ̀túnla. Mo rò pé èyí yóò mú kí ọ̀ràn náà túbọ̀ díjú. Òdìkejì rẹ̀ ni ọmọ náà sọ. Ó ní bí orúkọ driver kan ṣoṣo bá ń yọ nígbà gbogbo, driver náà ni kí á mú. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀sùn bá ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́, láti orí ẹni yìí dé orí ẹni yẹn, ó ṣeé ṣe kí gbogbo àwọn tí a ń fẹ̀sùn kàn jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lé ni ó ń rì. Ilẹ̀ náà ni RAM, níbi tí kọ̀ǹpútà ń fi ohun tí ó ń ronú lé lọ́wọ́ sí.

Síbẹ̀, kò fò lọ sí ibẹ̀ tààrà. Eruku ọyẹ́ ni ó kọ́kọ́ fẹ́ mú kúrò nínú ọ̀ràn, nítorí pé ooru náà a máa fa irú àìsàn yìí lára kọ̀ǹpútà àgbà. A tú ìdí rẹ̀, a bá eruku tí ó ti dì bí òwú lẹ́nu fáànù, a sì gbá a kúrò. Ẹ̀rọ náà tutù, ṣùgbọ́n ìdúró karùn-ún wáyé lẹ́yìn rẹ̀. A yẹ hard disk wò, kò ní àbùkù. Ìgbà náà ni a wá lo ètò àyẹ̀wò ìrántí tí ó wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le: yóò kọ nǹkan sí gbogbo igun RAM, yóò kà á padà, yóò sì wò ó bóyá ohun tí ó kọ ni ó bá níbẹ̀. A fi sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ó ní òun rí àbùkù. Ẹyọ RAM méjì ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà. A yọ ọ̀kan, a dán èkejì wò, ó mọ́. A pààrọ̀ wọn, àbùkù yọ. Ẹyọ kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́ ni ó ń da gbogbo ilé rú. Láti ọjọ́ tí a ti yọ ọ́ kúrò, ojú búlúù kò tún dé mọ́.

Ó yẹ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ dá ohùn ìyá àgbà náà padà sínú ẹ̀rọ, mo tú fáìlì zip tí mo dì ní ọjọ́sí. Ohùn mẹ́sàn-án jáde. Méjì kò jáde; ẹ̀rọ ní ohun tí ó wà nínú wọn kò bá àmì tí a fi dì wọ́n mu. Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó là á yé mi. Ìgbà tí mo di ẹrù náà, ẹyọ RAM tí ó bàjẹ́ ni ẹrù ń gbà kọjá. Ní ọjọ́ náà gan-an, ojú búlúù kò yọ rárá; inú mi sì dùn pé ẹ̀rọ náà ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ó pa mí lára. Àwọn ohùn tí ó dára wà nínú ẹ̀rọ náà títí di ìgbà tí mo fi ẹnu ara mi sọ pé kí a nù wọ́n.

Nínú ohùn méjì tí ó lọ, ẹkún tí ìyá náà sun ní ọjọ́ ìgbéyàwó tirẹ̀ wà níbẹ̀, èyí tí ó ní òun kò tíì tún sun fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà. Mo ní díẹ̀ nínú rẹ̀ tí mo ti dà kọ. Ohùn rẹ̀ kò sí mọ́. N kò lè dá ẹ̀bi rẹ̀ lé ẹni tí ó nu ẹ̀rọ náà lórí, nítorí pé ohun tí mo pè é ni ó bá mi ṣe. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ mi kú, ó sì ṣe é bí òkú.

Ní ọdún 2025, Microsoft kéde pé àwọn ń pa ojú búlúù tì nínú Windows 11, dúdú ni yóò máa jẹ́. Wọ́n mú àmì ojú tí ó rẹ̀wẹ̀sì kúrò pẹ̀lú. Àwọn kan dárò pé àṣà kan lọ. Ní tiwa, a mọ̀ pé funfun, pupa àti dúdú ni Yorùbá fi pín àwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ tí a rẹ sínú aró, abẹ́ dúdú ni àwọn ìyá wa ń kà á sí. Lójú wọn, kò sí ohun tí ó yí padà. Èmi náà kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àwọ̀. Ohun tí mo ń wò ni pé orúkọ àìsàn náà àti orúkọ ètò tí ó ṣẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ ojú tuntun náà, wọ́n sì ti jẹ́ kí ó hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà àgbà tí ó ń dákú, ẹ má ṣe tètè gbé e fún ẹni tí yóò nu inú rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ó bá sọ sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tì í. Bí ó bá ní ohun iyebíye nínú, ẹ dà á kọ sí ibi méjì, kí ẹ sì ṣí ẹ̀dà náà wò lórí ẹ̀rọ mìíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan èyí tí ó wà nílé. Ìwé àjákọ tèmi ṣì wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Kò sí ohun tí mo tún rí kọ sínú rẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò gbé e kúrò níbẹ̀.